Má Yọ Orúkọ Ẹnikẹ́ni Kúrò Nínú Àtúnṣe

Àgbówó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìjọsìn.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ ní Chálẹ́ǹjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti ní kó má ṣe dúró tì ọ́ nígbà tó o bá ń kà á. Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì gbé e sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, ohùn mi ò sì ní dúró déédéé títí n ó fi sọ ọ́ tán. Ó sàn kí n kọ ọ́.

Lánàá tó o wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa, o ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun rẹ fún èmi àti bàbá rẹ. Inú wa dùn. O ò tíì pé oṣù méjì ní ilé iṣẹ́ tó ń yẹ omi wò yẹn ní Onírèké, síbẹ̀ o ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. O wá sọ ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bódìjà tó ní kẹ́ ẹ wá yẹ kànga ẹlẹ́rọ méjèèjì tó wà nínú ọgbà wọn wò. Ti iwájú mọ́. Ti ẹ̀yìn, tó súnmọ́ ihò ìgbẹ́, kò mọ́; ẹ bá kòkòrò àrùn nínú rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, o kọ èsì náà sínú ímeèlì, o fi ránṣẹ́ sí ìyá tó jẹ́ olórí ilé ìwé náà, àti nọ́ọ̀sì wọn, àti ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ omi wọn. O sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ sí i kí òun náà lè rí i. Ṣùgbọ́n èsì kànga iwájú lo kọ fún tẹ̀yìn, èsì tẹ̀yìn lo kọ fún ti iwájú. Ọjọ́ Ẹtì lo tó rí i. O wá kọ ímeèlì tuntun, pẹ̀lú àkọlé tuntun, sí olórí ilé ìwé nìkan.

O rẹ́rìn-ín. O ní, “Mọ́mì, mo ti tún un ṣe jàre. Mo ti fi òmíràn ránṣẹ́.”

Ìgbà yẹn ni mo dìde nídìí oúnjẹ. O rò pé inú ló ń run mí. Kì í ṣe inú. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló tutù bí ẹni pé mo kì wọ́n bọ odò.

Mo bi ọ́ pé, “Ṣé orí ti àkọ́kọ́ lo kọ ọ́ sí, àbí o dá a kọ?”

O ní, “Mo dá a kọ ni, mà. Kó lè mọ́ lójú.”

Mo ní kó o gbé fóònù rẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n jẹ́ kí ọmọ jẹun ná. Mi ò gbọ́. Mo dúró lẹ́yìn àga rẹ títí o fi ṣí ímeèlì Ọjọ́rú, tó o dáhùn sí i, tó o kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣìṣe wà nínú èyí, kànga iwájú ni kí wọ́n máa lò, kànga ẹ̀yìn ni kí wọ́n tì. Gbogbo rẹ̀ lo kọ bí mo ṣe wí. Ṣùgbọ́n kó o tó tẹ̀ ẹ́ kó lọ, mo rí àtàǹpàkò rẹ. O yọ orúkọ ọ̀gá rẹ kúrò. Wàràwàrà lo ṣe é. O gbójú sókè wò mí bóyá mo rí i, mo sì yíjú sí fèrèsé.

Mo rí i, Àṣàkẹ́. Mo dákẹ́ nítorí pé mo mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe. Ọwọ́ tèmi náà ti ṣe é rí.

Nígbà tó o ń lọ, o dì mọ́ mi, o ní, “Mọ́mì, ẹ̀rù yín pọ̀ jù.” Òótọ́ ni. Jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wọ ara mi fún ọ. Bàbá rẹ mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ọmọ mi kankan tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. O mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo kọ́kọ́ ṣe ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í sọ irú ilé iṣẹ́ tó jẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń po oúnjẹ adìyẹ ni. Ọ́fíìsì wà ní Dùgbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ náà wà ní Mọ́níyà. Ọ̀gá wa, Ọ̀gá Ọlájídé, ló mọ ohun tó yẹ kó wọ inú oúnjẹ. Yóò fi ọwọ́ kọ ọ́: àgbàdo tó báyìí, ẹja lílọ̀ tó báyìí, iyọ̀ tó báyìí. Èmi á tẹ̀ ẹ́ lórí taipuráítà, dẹ́rẹ́bà á gbé e lọ sí Mọ́níyà, Bàbá Súlè tó jẹ́ olórí àwọn tó ń lọ oúnjẹ á fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri, wọn á sì máa tẹ̀lé e.

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo tẹ ìwé oúnjẹ àwọn ọmọ adìyẹ. Ọ̀gá kọ ọ́ pé kí iyọ̀ inú tọ́ọ̀nù kan jẹ́ kílò mẹ́ta. Bí ó ṣe máa ń kọ ọ́ ni ẹẹ́ta, àmì tóótó, òdo, ìyẹn 3.0. Ìka mi fo àmì náà. Ohun tó wà lórí bébà wá di ọgbọ̀n. Dẹ́rẹ́bà ti gbé e lọ tó wákàtí kan kí n tó rí i.

Bí mo bá ti sáré wọlé tọ Ọ̀gá lọ nígbà náà, tí mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣe àṣìṣe,” ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ náà ni. Ọmọbìnrin tó wà lórí àga yẹn ṣáájú mi, àṣìṣe ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e lọ, gbogbo ènìyàn ló sì ń fi í dẹ́rù bà mí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ ìwé tuntun. Ó mọ́ rekete. Mo fún un ní nọ́ńbà tuntun, mo kọ “Ìlànà Tuntun” sórí rẹ̀. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ rárá pé ti àárọ̀ kò dára. Mo fún dẹ́rẹ́bà kejì, tí kò mọ nǹkan kan nípa ti àkọ́kọ́. Mo wá yọ ẹ̀dà ìwé àárọ̀ kúrò nínú fáìlì, mo ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo lọ dà á sí ṣáláńgá ẹ̀yìn ilé, mo fi ẹ̀dà tuntun dípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ ra bọ̀ọ̀lì, mo sì jẹ ẹ́ tẹ́rùn. Lójú tèmi, mo ti tún un ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù títí dòní nìyẹn, pé inú mi balẹ̀.

Nígbà tí ìwé kejì dé Mọ́níyà, Bàbá Súlè wò ó. Ó rí nọ́ńbà tuntun, ó rí “Ìlànà Tuntun”. Ó rò pé ti ìgbà tó ń bọ̀ ni, pé tí wọ́n bá ti lọ ti àárọ̀ tán ni wọn yóò kàn án. Ó gbé e kọ́ ìṣó míràn. Ta ló máa bá a wí? Ìwé méjèèjì ò mọ ara wọn. Ẹni tó bí àwọn méjèèjì ló kọ̀ láti sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n fi ìwé àkọ́kọ́ lọ oúnjẹ, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta tó ń sin ọmọ adìyẹ.

Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin kan wọ ọ́fíìsì wa. Ìyá Ìbídùn ni wọ́n ń pè é, opó kan tó ń sin ọ̀ọ́dúnrún ọmọ adìyẹ ní ẹ̀yìn Mọ́níyà. Ìborí funfun ló wé, torí ọmọ ìjọ aládùúrà ni. Ó mú ọ̀rá kan dání, òkú ọmọ adìyẹ méjì ló wà nínú rẹ̀, ó sì di ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ wọn sínú bébà.

Kò bá wa jà o. Ìbá sàn fún mi ká ní ó bá wa jà. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa wọn. Ẹ bá mi wò ó, irú májèlé wo lẹnìkan fún wọn? Omi ni wọ́n ń mu ṣáá látàná. Wọn ò sinmi. Bí mo bá ti gbé omi kalẹ̀, wọ́n á mu ún gbẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n á dùbúlẹ̀.”

Mo wà nídìí taipuráítà mi.

Ọ̀gá ní kí n mú fáìlì wá. Mo mú un wá. Ó kà á, ó ní, “Oúnjẹ tiwa dára, ìyá. Ìwé rẹ̀ nìyí.” Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ọ́, ó tú bébà obìnrin náà, ó mú díẹ̀ nínú oúnjẹ náà sórí ahọ́n. Ó tu ú dànù. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, “Iyọ̀ ni. Iyọ̀ nìkan ni. Súlè! Súlè ti pa mí!”

Ó ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ gbé Bàbá Súlè wá láti Mọ́níyà. Ìyá Ìbídùn kò tiẹ̀ dúró gbọ́ ìyókù. Ó ní òun ń lọ bójú tó èyí tó kù láàyè. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀kùn. Mo tó ìyá ọmọ báyìí, mo ti rọbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí wákàtí tó gùn tó ìyẹn.

Bàbá Súlè dé. Àgbàlagbà ni, ìyẹ̀fun àgbàdo wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọ̀gá kò ní kó jókòó. Ó ní, “Ẹ ti dàgbà, Bàbá. Ojú yín ò ríran mọ́. Ẹ lọ sinmi nílé.” Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Olè tó ń mú olóko lọ́jọ́ náà, èmi ni.

Bàbá Súlè kò jiyàn. Ó ní, “Ọ̀gá, ohun tí ojú mi rí ni ọwọ́ mi ṣe. Ẹ jẹ́ kí n lọ kírun ná, kí n padà wá bá yín.”

Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó fi orí pè mí. Mo tẹ̀ lé e dé orí àtẹ̀gùn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó mú bébà kan jáde tó ká sí mẹ́rin. Ojú ihò ìṣó wà lára rẹ̀. Ó tú u níwájú mi. Ọgbọ̀n.

Ó ní, “Ta ló tẹ èyí?”

Mo ní, “Èmi ni, Bàbá.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ìwọ ọmọ yìí, mo lè fi í han Ọ̀gá báyìí. Mo fẹ́ lọ kírun àyìlá. Bí mo bá kírun tán, n ó wọlé padà. Bí o bá ti sọ ọ́ fúnra rẹ, bébà yìí á wà nínú fìlà mi, kò ní jáde. Bí o ò bá tíì sọ ọ́, n ó mú un jáde. Èmi náà lọ́mọ nílé.”

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó lọ ṣàlùwàlá níbi ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀.

Àṣàkẹ́, má ṣe rò pé ìgboyà ló gbé mi wọlé. Ẹ̀rù ni. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń kírun ní ìsàlẹ̀, mo ń ka iye ìgbà tó dìde. Nígbà tó ṣe sàláámà tó fi parí ìrun, mo wà níwájú tábìlì Ọ̀gá, ẹnu mi sì ti ń ṣí kí n tó mọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti ṣáláńgá pàápàá.

Ọ̀gá pa fáìlì náà dé. Ó wá bi mí léèrè kan ṣoṣo: “Àwọn mélòó ló gba oúnjẹ náà?”

Mo ní, “Mẹ́ta, sà.”

Ó ní, “Dìde. Ìwọ àti Bàbá Súlè ẹ jọ máa lọ. Ẹnu rẹ ni kí o fi sọ ọ́ fún wọn.”

Bọ́ọ̀sì la wọ̀. Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá, Sángo, Òjòó. Gbogbo ibi tó bá ti dúró gbé èrò ni mo ń gbàdúrà kó tètè ṣí, bó bá sì ti ṣí, mo ń gbàdúrà kó má débẹ̀. Nígbà tó yá, Bàbá Súlè ra omi tútù, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Mu ún. O máa sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Ẹni àkọ́kọ́ kò tíì tú àpò tirẹ̀. A gbé e padà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹni kejì, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, ti pò ó mọ́ oúnjẹ àtijọ́. Díẹ̀ nínú adìyẹ rẹ̀ ti ń wú níkùn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì dúró. Ó bú mi, ó bú ìran mi. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. A fi ọwọ́ gbá oúnjẹ náà kúrò nínú ọpọ́n, a bù fún wọn ní omi díẹ̀díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yè.

Ti Ìyá Ìbídùn la dé kẹ́yìn. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ṣé o mọ ariwo tí ọmọ adìyẹ máa ń pa, tí wọn kì í sinmi? Bí a ti ń súnmọ́ ilé náà, mò ń tẹ́tí sí i. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá Súlè dúró lójú ọ̀nà, ó ní, “Láìláhà ìlàláhù.”

Obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń retí kó gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí nǹkan.

Ó wá ní, “Ìyẹn ni pé Rónkẹ́ ò ṣe nǹkan kan?”

Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Rónkẹ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ náà, Rónkẹ́ ló ń bá a gbé. Òun ló ń pọn omi fún àwọn adìyẹ. Ní Ọjọ́rú, nígbà tí Ìyá Ìbídùn rí i pé wọ́n ń mu omi, wọ́n sì ń kú, ó ronú pé inú omi ni ohun náà wà. Wọ́n ti ní gbólóhùn asọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ó pe Rónkẹ́ síta níwájú àwọn aládùúgbò, ó ní ọmọbìnrin náà ló fi májèlé sí omi, pé bóyá òun náà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, bí Ìyá Ìbídùn ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀ ní Dùgbẹ̀, Rónkẹ́ ń di ẹrù lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí mò ń jẹ bọ̀ọ̀lì, Rónkẹ́ ṣì ní ilé.

Mo bá a dé Ìsẹ́yìn. Bàbá Súlè ló sìn mí lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kejì. A bá a níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó gbọ́ mi dópin, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ní, “O ṣé tó o wá. Ṣùgbọ́n ẹnu tó pè mí ní apànìyàn, kì í ṣe ẹnu tìrẹ, o ò sì lè bá a gbà á padà.” Ìyá Ìbídùn náà lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n Rónkẹ́ kò padà sí ilé yẹn mọ́.

Wọn ò lé mi. Bàbá Súlè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, bébà náà kò sì jáde nínú fìlà rẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní adìyẹ ni, kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde nídìí oúnjẹ lánàá. Tìrẹ yìí, Àṣàkẹ́, ọmọ ènìyàn ni.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Mi ò tò wọ́n dáadáa, bí wọ́n ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mò ń kọ wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni pé àtúnṣe gbọ́dọ̀ gun orí àṣìṣe. Má dá a kọ láéláé. Ṣí ímeèlì tó o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ gan-an, dáhùn sí i, kí ìdáhùn náà lọ bá gbogbo wọn. Má fọwọ́ kan àkọlé rẹ̀. Bí o bá ti yí àkọlé padà, okùn já. Ti àtijọ́ á máa rìn kiri ní tirẹ̀, ẹni tó bá sì ṣí i ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n kọ́ wa ní èyí lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni ìyàtọ̀? Èmi jáde síta, mo lọ nu ojú mi.

Nígbà tó o bá sì ń kọ ọ́, ìlà àkọ́kọ́ ni kó o ti sọ ọ́. Ohun tí mo kọ nìyí, kò tọ̀nà. Ohun tó tọ̀nà nìyí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Má fi “ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí tó wà nísàlẹ̀” bò ó mọ́lẹ̀. Bí fáìlì bá wà tó o so mọ́ ọn, fún tuntun ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣì mú fún ti àtijọ́. Kó o sì sọ ọ́ síbẹ̀ pé ímeèlì tó o dá kọ ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà fún, kí ó má di pé ìwé mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀.

Má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ nínú àpótí tìrẹ. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Èmi ya ẹ̀dà tèmi dà sí ṣáláńgá, kò sọ ti ara ògiri Mọ́níyà di òmíràn. Ó kàn mú kí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n dá lẹ́bi.

Má sì dúró kó o fi wá gbólóhùn tó dára. Yára. Gbólóhùn tó wọ́ ṣùgbọ́n tó tètè dé sàn ju èyí tó gún régé tó dé lẹ́yìn ìsìnkú.

Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí wá nìyí: má yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú àtúnṣe. Ẹni tó bá gba àṣìṣe gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe. Wọ́n ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n aṣọ yìí ti wà lóòrùn láti Ọjọ́rú, ìwọ lo sá a. Ní báyìí, lójú ọ̀gá rẹ, kànga ẹ̀yìn ló mọ́. Bí olórí ilé ìwé bá pè é lọ́la, tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni ká lò?”, kí ni yóò sọ? Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́, àṣẹ rẹ̀ ni wọn yóò sì tẹ̀lé, kì í ṣe tìrẹ, ìwọ ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì. Tàbí kí ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ omi ti kànga iwájú pa gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ ti wí, kí àwọn ọmọ ṣàìsàn, kí wọ́n sì ní ọkùnrin náà ni kò mọ ìwé kà. Bàbá Súlè mìíràn nìyẹn. Mi ò lè gbé méjì.

Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ọ̀gá rẹ ló ṣe é. Mi ò bá ọ jà. Bóyá yóò bínú. Bóyá yóò tilẹ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, mi ò lè ṣèlérí pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣe é, yàrá rẹ ṣì wà níbí.

Ṣùgbọ́n ímeèlì tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, má kà á sí èyí tó dé. O fi ránṣẹ́ lánàá, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láàárọ̀ yìí o kọ ọ́ sí bàbá rẹ lórí fóònù pé kò tíì sí ẹni tó fèsì, pé fóònù olórí ilé ìwé kò lọ, nọ́ọ̀sì kò gbé tirẹ̀, o ò sì mọ nọ́ńbà ọkùnrin ẹ̀rọ omi. Bí mo ti gbọ́ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò gbọ́ ìwàásù mọ́. Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì ti kọjá tí àwọn ọmọ yẹn wà nílé ìwé. A ò mọ kànga tí wọ́n mu omi rẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkùnrin náà jẹ́ ọ̀lẹ, kó má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nítorí náà, bí o bá ka ibí yìí tán, gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀. Ṣí ímeèlì àná. Dáhùn sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, dá orúkọ ọ̀gá rẹ padà sí àyè rẹ̀, kó o kọ ọ́ fún un pé ìwọ lo yọ ọ́. Pè é pẹ̀lú, lónìí Ọjọ́ Ìsinmi yìí náà. Lọ́la, tètè jí, kó o má gba Dùgbẹ̀ kọjá, súnkẹrẹ fà kẹrẹ ọjọ́ Ajé ò ní jẹ́ kó o dé. Kó o wà ní ilé ìwé yẹn ní Bódìjà kí ọmọ àkọ́kọ́ tó gbé ife omi rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn, kó o sì tẹ̀ lé ọkùnrin náà dé ìdí kànga, kó o fi ojú rẹ rí èyí tó tì.

Bí o bá dé ẹnu géètì, wàá rí mi níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní òdìkejì títì. Àgbówó sí Bódìjà ò jìnnà, n ó ti débẹ̀ kó o tó dé. Mi ò ní bá ọ wọlé, mi ò sì ní bá ọ sọ̀rọ̀. Má wulẹ̀ wá kí mi. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ń bà mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sáà máa wọlé lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.